Ilé Méjì Tí Wọ́n Bí Ọkùnrin Kan Sí

Ọpọlọ mi pé ní ọjọ́ tí mo tò ó sínú ìwé pé ilé méjì ni wọ́n bí ọkùnrin kan ṣoṣo sí. N kò mu nǹkan kan, ibà kò sì ṣe mí. Ó kàn rú mi lójú ni.

Iṣẹ́ mi ní Ṣómólú nígbà náà ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀ àti àwòrán kí wọ́n tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni, gbogbo ẹni tó ní agbádá ló sì ń dupò. Pósítà olóṣèlú la ń tẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá délé ní Ladi-Lak, àwọn ojú kan náà ni mo tún máa ń bá lára ògiri.

Ó ti sú ọ̀gá mi, Alàgbà Kúnlé. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti pósítà ni gbogbo rẹ̀. Ìwé gidi, irú èyí tí ènìyàn ń tọ́jú fún ọmọ rẹ̀, ló ń wù ú láti tẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan láti ìlú àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn gbé iṣẹ́ ìwé ìrántí Bàbá Eléré wá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra mínírà fún gbogbo wa. Òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ni, Bàbá Eléré sì ni tolórí tẹlẹ́mù ń pè é. Ó ti kú, ìlú rẹ̀ sì fẹ́ ṣe àjọyọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní bí ìwé ìrántí náà bá dára, àwa ni àwọn yóò gbé gbogbo eré rẹ̀ fún láti tẹ̀.

Ọ̀gá fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ó lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Ìlọrin. Òfin kan ló fi sílẹ̀: oníbàárà gbọ́dọ̀ buwọ́ lu prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a fi ń yẹ àṣìṣe wò, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Òjó, akọ̀wé ìgbìmọ̀, mú fọ́tò ilé kan wá.

"Ilé bàbá ẹ̀ nìyí. Ibẹ̀ la bí i sí. Kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀."

Mo kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Àǹtí Dúpẹ́, olùkọ́ kan ní Àkókà tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, yọjú. Ó wo prúùfù náà, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ibí ni wọ́n bí i sí? Ilé ìyá ẹ̀ ni, ilé tiwa. Fọ́tò ẹ̀ rèé."

"Ẹ má bínú mà, Bàbá Òjó ti sáìnì."

"Èmi náà á sáìnì."

Ó sì buwọ́ lu tirẹ̀ lóòótọ́. Prúùfù méjì wá wà níwájú mi, òfin Ọ̀gá kò sì sọ èyí tí n ó tẹ̀. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, n kò lè pe Ọ̀gá ní Ìlọrin. Àwọn méjèèjì ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ojú sì ń tì mí láti pè wọ́n jókòó kí n bi wọ́n pé ta ni kí n gbàgbọ́. Mo wo fọ́tò méjèèjì títí, orí mi kàn ń dàrú sí i. Níkẹyìn, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sábẹ́ wọn: "Ilé tí wọ́n bí Bàbá Eléré sí." Mo rò pé mo gbọ́n.

Sàká tó ń wa ẹ̀rọ bojú wò ó. "Bísí, ṣé ìbejì ni bàbá yìí ni?"

Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìlú náà ni Ọ̀gá ti pàdé wa lọ́jọ́ àjọyọ̀. N kò mọ̀ pé ilé tí wọ́n bí Bàbá sí gan-an ni ìlú fẹ́ sọ di ilé ìrántí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín ìwé, agbo ilé méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń na ìka sí fọ́tò. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sá sẹ́yìn Ọ̀gá. Ìyá arúgbó kan, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Kí lẹ ń jà sí? Ilé bàbá ìyá wa nìyá wa máa ń lọ bímọ sí. Ibẹ̀ ló bí i sí. Nígbà tó dọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé e wá sílé bàbá wa, ibẹ̀ la ti sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ni mo ru igbá ìwẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ta ló bi mí?"

Kò sí ẹni tó bi í. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ọ̀gá.

"Alàgbà, ìbéèrè kan péré ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má bínú, a ò ní lè gbé àwọn eré ẹ̀ fún yín mọ́."

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ń retí kí ó bú mi. Ó ń ṣí ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan títí a fi kọjá Ṣágámù.

"Bísí, bó o ṣe to lẹ́tà ẹ̀ yìí wù mí," ló sọ.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ń tù mí nínú ni, àbí ara rẹ̀ ló ń tù nínú. Ìbò mìíràn dé, pósítà tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì lè fara dà á mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló tẹ̀ láyé rẹ̀, èyí tí mo bà jẹ́ fún un.