Ilé Tí Kò Ní Páìpù Lórí Òrùlé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ifọ̀, ọ̀sán máa ń gùn ju báyìí lọ. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo kàn ń lálàá nínú rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá dijú, mo ṣì máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti òkèèrè, mo sì máa ń gbọ́ òórùn amọ̀ tútù lára ògiri ìyá àgbà kan tí wọ́n múlé tì wá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ irú ògiri yẹn. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti dé, ìyá àgbà á rẹ́ ògiri wọn, wọ́n á sì fi ẹfun àti osùn yàwòrán sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n ya ọ̀nà tí ìyá tiwọn gbà pọ̀n wọ́n sá ogun wá, wọ́n ya odò tí wọ́n là kọjá, wọ́n wá ya ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú rí, tó lẹ́sẹ̀ bí ọ̀kùn. Èmi á tẹ́ ẹní, màá fẹ̀yìn lélẹ̀, màá máa wò ó títí àwọn ènìyàn ara ògiri á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìyá àgbà á wá bi mí pé, "Kí lo rí?" Tí mo bá sọ ohun tí ọmọ míì ti sọ, wọ́n á ní, "Ojú ọ̀rẹ́ ẹ nìyẹn. Ojú tìẹ ń kọ́?" Ó máa ń bí mi nínú, torí tẹni ẹlẹ́ni ló rọrùn láti sọ.

Nígbà yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Bàbá mi, télọ̀ tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ti sọ ọ́ fún mi pé ọjọ́ tí tíṣà bá fẹjọ́ mi sùn, ọjọ́ náà ni màá gbé igbá, tí màá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ta ìrẹsì l'Ọ́fàdà. Iléèwé ni ọkàn mi wà, kò sí níbi ìrẹsì rárá.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wo inú ìwé, ó ya ilé kan sójú bọ́ọ̀dù. Páìpù gàgàrà kan dúró lórí òrùlé ilé náà. Ó ní ká yà á gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìsìpẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Gbogbo wa bá ń ya páìpù. Ọ̀kan nínú wa ní ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọnú ìkòkò, òmíràn ní ibẹ̀ ni òyìnbó ń gbà yọjú wo àlejò. Mo bi tíṣà. Ó wo páìpù náà, ó wò mí, ó ní, "Ohun tó wà nínú ìwé ni. Yà á." Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an, àmọ́ ọkàn mi ti lọ sára ògiri ìyá àgbà. Mo nu tèmi rẹ́, mo ya ilé ìyá àgbà, pẹ̀lú ọ̀nà ogun àti ọkọ̀ ojú irin lára ògiri. Mi ò fi páìpù kankan sí i.

Tíṣà ò nà mí. Ó mú bébà náà, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mò ń sunkún, mo ti ń gbọ́ òórùn ìrẹsì.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ọmọ yín ò ṣe ohun tí mo ní kó ṣe."

Bàbá mi dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, wọ́n gba bébà náà. Ìwé tó bá ti iléèwé wá, wọ́n máa ń nà án sí ẹlòmíràn ni kó bá wọn kà á. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò nà án sí ẹnì kankan. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà ogun náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ilé ìyá àgbà nìyí. Bí wọ́n ṣe sá dé nìyí." Wọ́n gbójú sókè. "Tíṣà, ilé tí ẹ ní kó yà, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Inú ìwé ló wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ náà padà sí kíláàsì. Èyí, mo rí i kà."

Wọ́n kan bébà náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá dé, títí kan àwọn tó mọ̀wé dáadáa, bàbá mi á ní kó dúró kí àwọn kà á fún un.

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́, òjò ti fọ ògiri wọn lọ, síméǹtì ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wo ilé gbogbo ayé lórí fóònù. Àwọn ló tilẹ̀ wá sọ fún mi pé èéfín ló ń gba páìpù yẹn jáde. Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n kí n tó kú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní gbogbo ènìyàn ló ń sọ nǹkan kan lórí fóònù, mo máa ń bi wọ́n pé ojú tiwọn ń kọ́. Ó máa ń bí wọn nínú, bó ṣe máa ń bí mi. Màá sì dúró de ìdáhùn wọn.