Oṣù Mẹ́jọ Tí N Kò Fi Dé Ìjẹ̀gùn

Irọ́ kékeré ni mo pa fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn ní Ìjẹ̀gùn lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sì ti ní màá wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rẹ̀ mí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi pariwo mọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ń kọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, oorun ló wù mí ṣá. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ibà ló ń ṣe mí.

Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Lo oògùn, kí o sinmi. Oúnjẹ ò ní tán láyé."

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́.

Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni bàbá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́, ìdí ẹ̀rọ tó ń la pákó ni wọ́n sì wà títí agbára fi tán. Ìyá mi ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn èèyàn ti túká, mo rí Bàbá ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń kan ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan tó ti yẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kò lè gbé e lọ sílé mọ́.

Mo ní, "Bàbá, ara mi yá lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Kò sí ibà kankan. Irọ́ ni mo pa fún Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n yí àpótí náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Wọn ò wo ibi tí mo wà.

Mo mú báàgì mi, mo jáde. Ọkọ̀ méjì péré ni láti Ìjẹ̀gùn sí ilé mi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni n kò fi padà síbẹ̀. N kò fi ebi pa wọ́n. Mo ń se ọbẹ̀, mo ń fi rán oníkẹ̀kẹ́ kan tí mo mọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á ní, "A dúpẹ́, a dúpẹ́, ó dàárọ̀ o," kódà tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, wọ́n á sì pa á kí n tó sọ gbólóhùn kejì. Mo ní inú ló ṣì ń bí wọn. Mo bá dẹ́kun pípè. Ká sòótọ́, inú bí èmi náà. Mo ní bàbá wo ni kì í dárí ji ọmọ?

Obìnrin aránṣọ kan tó ń gbé ní òdìkejì ilé wọn ló pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo Bàbá, jàre. Ọ̀kadà fẹ́ẹ̀ gbá wọn láàárọ̀ yìí. Ó fọn fèrè títí, wọ́n kàn ń lọ láàárín títì ni. Ó bú wọn, wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. A máa ń kí wọn báyìí, wọn kì í dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ká wa lára."

Mo lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi wà lórí àga, wọ́n gbé rédíò lé itan, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ. Rédíò náà kò sì sí lórí ilé iṣẹ́ kankan. Ariwo ṣàààà ló ń pa, ó le débi pé mo ń gbọ́ ọ níta. Mo pè wọ́n, ó tó ìgbà mẹ́fà. Wọn ò mira.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Wọ́n fò sókè, rédíò já bọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ojú wọn kúrò lójú mi, ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹnu mi, ó sì dúró síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ràn ni?"

Wọ́n ní, "Rọra sọ ọ́. Ẹnu rẹ yára jù."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Mo béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ pákó ló ti ń jẹ etí àwọn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti dí pátápátá. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ló ń bá mi gbọ́. Tí fóònù bá gbọ̀n, mo kàn máa ń dúpẹ́ ni."

Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí mo ti ń rí látọjọ́ yìí. Iwájú Bàbá ni Màámi máa ń jókòó sí, wọn kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, wọ́n á fọwọ́ gbá wọn nítan pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Wọ́n ń kí yín." Ohun tí a bá sọ, wọ́n á tún un sọ. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti di ayékòótọ́, wọ́n á sì bá mi rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, "Èwo ni mo ṣe fún ẹ? Mo ti ro ó títí. Mo ní bóyá o bi mí ní nǹkan ni, tí mo fún ẹ lésì tí kò dáa."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ro ìyẹn, àwọn nìkan, nínú ilé yẹn.

Mo mọ̀ pé mo ní láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ojú wọn wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa."

Ojú wọn là. "Ta lo pa?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo nu ojú, mo tún un sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara mi yá. Kò sí ibà. Oorun ni mo sùn. Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ fi ẹran pamọ́ dè ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni?"

"N kò mọ̀. Kò sọ fún mi."

Mo fẹ́ kí wọ́n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kàn fà mí mọ́ra, wọ́n sì ní kí n bá àwọn pa rédíò náà.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ. Mo kọ́ pé n kò gbọdọ̀ jókòó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, torí òkùnkùn ló máa ń bo ẹnu mi. N kò gbọdọ̀ máa jẹun kí n máa sọ̀rọ̀. N kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹnu kì í fi ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ hàn. Mo ní ọkọ̀ ti dé, wọ́n ní ọkọ ta ni? Ìyá mi ti mọ gbogbo èyí, kò sí ẹni tó kọ́ wọn. A ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń kì bọ etí. Wọ́n lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní ó ń dún bí ibi iṣẹ́, wọ́n sì jù ú sínú agolo ṣúgà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bu ẹ̀kọ fún wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Ṣé o rántí ohùn ìyá rẹ?"

Mo ní mo rántí.

"Èmi ò rántí mọ́. Mo ń rí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún. Báwo ló ṣe rí?"

Mo jókòó síwájú wọn, mo gbìyànjú. Mo ní ó tinrín. Mo ní ó máa ń ga sókè tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń há díẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó mu omi. Mo ní tí wọ́n bá ń pe Bàbá, wọ́n máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí i pé kò dé ibì kankan. Wọ́n wo ẹnu mi títí mo fi dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ó tó. O ṣeun." Wọ́n sì mu ẹ̀kọ wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí a fi sin wọ́n.