Lẹ́tà Tí Àbúrò Ìyàwó Kà

Ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ mẹ́ta ni mo ti kọ, mo sì ti jẹ́ kí ọmọbìnrin mẹ́ta sá kúrò nílé bàbá wọn nítorí ọkùnrin. Ọ̀kan gba inú oko kòkó lọ, ọ̀kan fara pamọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀kẹta kàn ṣílẹ̀kùn jáde lọ́sàn-án gangan nítorí pé ó ti rẹ̀ mí. Ní orí tó kẹ́yìn, bàbá á yọ́nú, ìyá á sunkún, ọmọ tuntun á sì dé. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ta ló ń wẹ àwọn àbúrò tí ọmọbìnrin náà fi sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ̀wé.

Fún ìwé kẹrin, mo fẹ́ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mo sì mú ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oǹdó. Ohun tí a mọ̀ nínú ẹbí ni pé tíṣà kan láti Ìkàrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, àwọn ará ilé ọkùnrin náà sì kọ lẹ́tà pé àwọn kò ṣe mọ́. Ó padà fẹ́ káfíńtà kan ní Oǹdó, ó bímọ mẹ́rin, ó sì sin ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo tọrọ ààyè, ó ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde, wá kà á sí mi létí."

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́. Olùkọ́ àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo máa ń ka ohun tí mo bá kọ fún un. Lọ́jọ́ kan a dé orí tó wà fún lẹ́tà náà.

Ẹ mọ àṣà yìí. Bí lẹ́tà ìtọrọ bá ti ilé ọkọ wá, ìyàwó kì í kà á; àbúrò rẹ̀ ló máa ń kà á létí àwọn àgbà. Lóde òní, eré ni. Wọ́n á fi rìbọ́ọ̀nù dì í, alága ìjókòó á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà náà, bàbá ìyá mi kò mọ̀wé, nítorí náà ohun tó bá ti ẹnu ọmọ jáde ni lẹ́tà. Ìyá mi ni àbúrò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́: "A kò fẹ́ ọmọ yín mọ́."

Ìyá mi ní, "Kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló wà níbẹ̀, Mama?"

"Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè kòkó láti wá tọrọ rẹ̀." Ó tún gèlè orí rẹ̀ dì. "Èmi ni mo kà á gba ibòmíràn. Ìkàrẹ́ jìnnà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń sùn sí. Mo rò pé tí wọ́n bá mú un lọ, n kò ní rí i mọ́."

Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọn kò ka ohun tó wà lójú ìwé! Mo bínú sí i. Inú mi tún dùn, nítorí ìtàn ti dé ọwọ́ mi, ojú sì tì mí pé inú mi dùn.

"Má kọ ọ́," ó ní. "Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú? Òun nìkan ló kù tó ń pè mí lọ́mọ." Àràárọ̀ ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fẹnu kan tíì.

Mo kọ ọ́. Orí ìwé tó dára jù tí mo kọ rí ni. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí wọ́n yí ayé rẹ̀ padà ló ni òtítọ́ náà, mo kó ìwé sápò, mo wọkọ̀ Oǹdó. Ìyá mi mọ ibi tí mò ń lọ. Gbogbo ohun tó sọ kò ju pé, "Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá Ìyá Oǹdó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kó tó bi mí ní àlàáfíà ara mi, ó ní, "Ṣé àbúrò mi ń kán oògùn ojú rẹ̀?" Ó ti ṣa iṣu mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un, àwọn tó mọ̀ pé kò ní le jù fún eyín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa kàwé.

Mo kà dé ibi lẹ́tà. Ó wà níwájú mi gbangba: a ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè kòkó. Mo wo iṣu mẹ́ta yẹn. Ẹnu mi sì ní, "A kò fẹ́ ọmọ yín mọ́." Èmi àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú awò lójú, mò ń ka ohun tí kò sí nínú ìwé, mo sì hun ìyókù bẹ́ẹ̀ títí orí náà fi parí.

Kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "Bí ìyá rẹ ṣe kà á gẹ́lẹ́ nìyẹn," ó ní. "Ó yára jù. Ìwọ náà yára jù."

Mo pa ìwé náà dé.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Nígbà tí bàbá wa lọ sóko, mo yọ lẹ́tà náà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Èmi náà kàwé díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ìyá rẹ lè bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ kò sì sọ?"

"Bí mo bá sọ, bàbá wa á yọ òun náà kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ yẹn, á ní irọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Mo wá sọ fún tíṣà pé bàbá mi kọ̀."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí. Nígbà mìíràn ó ṣì máa ń dùn mí." Ó fẹ́ ìyàngbò ẹ̀wà nù. "Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀. Bó ṣe kà á ni kí o fi í sílẹ̀."

Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, ìyá mi ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé iṣu mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ lé e lẹ́sẹ̀.

"O kà á fún un?"

"Mo kà á bí ẹ ṣe kà á, Mama."

Ó gbá iṣu náà mọ́ra, ó sunkún. "Kí ló wá wí?"

"Ó ní ẹ má gbàgbé oògùn ojú yín."

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe jáde. Àwọn òǹkàwé bú tíṣà ará Ìkàrẹ́ náà gidigidi, wọ́n ní aláìlójútì ni, mo sì dákẹ́. Ìyá mi ti lọ báyìí, Ìyá Oǹdó sì tẹ̀ lé e kí ọdún tó yí. Ó ku ọkùnrin náà, tí n kò mọ̀ rí, tí mo sì bà lórúkọ jẹ́. Kò kọ̀ ọ́. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè kòkó.