Ọwọ́ Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Ẹkún

Nínú gbogbo ilé wọn, ọmọbìnrin kan àti bàbá rẹ̀ nìkan logun ṣẹ́ kù. Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀ díẹ̀, bàbá padà sábúlé, ó sì ní kí ọmọ òun lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, nínú yàrá méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọsibítù. Abúlé wọn kò ní agbẹ̀bí mọ́. Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀ ti bógun lọ.

Ọmọlangidi alákìísà ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù fi ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ Ìjọba ni wọ́n ń pè é.

"Kì í jẹun, kì í sunkún, a ò sì mọ bàbá ẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, wọn a bú sẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbà bíi tirẹ̀.

"Ṣé ọmọ lò ń gbà ni àbí ẹyin adìyẹ?" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bi í. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀.

Ìyá Olùkọ́, agbẹ̀bí àgbà tó ń kọ́ wọn, kì í yin èèyàn. Ó yìn ín.

Ó wá ku kó gba ọmọ gidi lójú Ìyá Olùkọ́, kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Aboyún dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìbọn ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó figbe ta. Àfi bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe fàtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu pinpin.

Ìyá Olùkọ́ gbá ọwọ́ náà dànù. "Orí ẹ dà rú ni? Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Ọmọ ń ké. Ìyá rẹ̀ náà ń ké.

Níta, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún Ìyá Olùkọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sá pamọ́ sábẹ́ afárá, òun ni ìyá wọn gbé àbúrò rẹ̀ fún. Ìyá ní bí ọmọ bá ti fẹ́ sunkún, kó dí i lẹ́nu, sójà wà lókè. Ó dí i. Sójà kọjá. Àbúrò kò sunkún mọ́ títí dòní.

Ìyá Olùkọ́ jókòó sórí garawa. "Ọmọ mi, ṣé o lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Bó bá parọ́ níbẹ̀, ìwé àṣẹ ti di tirẹ̀. Kò parọ́.

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é."

"O ṣeun tó o sọ òótọ́. Mi ò lè jẹ́ kó o gbẹ̀bí."

Wọ́n fi í sí yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò. Ibẹ̀ ló wà. Bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ fáwọn aboyún abúlé pé ọmọ òun ń bọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un.