Aṣọ Ìkélé Tí Olúfúnṣọ́ Rán

Ẹ má bá mi wí pé mò ń pariwo. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ohùn mi ga, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu mi kó tó já bọ́. Ohùn yìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi mí ṣe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tí mò ń bi obìnrin tó bá dé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o mọ́?"

Ẹni tó bá ti bá ìjọ aláṣọ funfun bíi tiwa jọ́sìn yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ inú ilé àdúrà wa. Abẹ́ àtíbàbà páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni yóò jókòó sí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, yóò ka ọjọ́ méje gbáko, wọn yóò wá fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́ kó tó padà wọlé. Èmi ò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà, títí nǹkan oṣù fi dá lára mi pátápátá ní ọdún 2003. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni mímọ́ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi. Mo máa ń fi ṣe fáàrí pàápàá.

Olúfúnṣọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé tí a háyà ní Ibafo. Èmi ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé, òun ń ránṣọ nínú yàrá. Òun ló rán èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní ìjọ wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé aṣọ funfun kì í gba kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára? Èékánná àtàǹpàkò ni Olúfúnṣọ́ fi ń fà á. Yóò tẹ́ aṣọ sórí ẹní, yóò fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lọ tààrà, yóò sì gé e láìwo ẹ̀yìn. Mi ò rí ibi tó ti gé e wọ́ rí.

Kò bímọ. Ọkọ rẹ̀, Akínọlá, ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà tó di ọdún 2005, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Olúfúnṣọ́. Ó lè dá fún ọjọ́ mẹ́ta, kó tún dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà kan ní Ṣágámù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kókó ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ ni yóò yọ ọ́. Ó ní kó má fi falẹ̀ o.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Olúfúnṣọ́ ní òun ò ní í jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan òun láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ wọ inú ilé àdúrà, kí òun kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí Wòlíì gbé ọwọ́ lé òun lórí. Wòlíì wa, Bàbá Ọládayọ̀, kò kọ̀. Ó ní kó kàn kọ́kọ́ mọ́ ná. Ẹ sáà wò ó. Kó tó lè wọlé, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dá. Kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi yípo nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó sọ pé, ẹ dúró ná, kí là ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ yìí?

Wòlíì wá gbàdúrà fún un níta lẹ́ẹ̀mejì. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sọ fún mi pé, "Ìyá Juwọ́n, tí èèyàn bá fẹ́ bẹ ọba fún ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣé ojú fèrèsé ló ti máa bẹ̀ ẹ́? Mo fẹ́ dé iwájú Rẹ̀ ni."

Nùsírátù nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ gidi. Mùsùlùmí ni, ó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Màámi, àwa náà kì í kírun tí a bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ṣùgbọ́n tó bá ti di àìsàn, tí kò dá mọ́, Alùfáà wa ní kí èèyàn ṣe àlùwàlá, kó máa kírun ẹ̀ lọ. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ̀ pé àìsàn ni."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ta ló bi ẹ́? Ṣé inú mọ́ṣáláṣí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà?" Ọmọ náà bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ojú ń tì mí tí mo bá rántí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, a kọ́ pẹpẹ tuntun. Wọ́n fẹ́ yà á sí mímọ́, wọ́n sì nílò aṣọ ìkélé tuntun tí yóò bo ibi mímọ́ níwájú, níbi tí Wòlíì nìkan ń wọ̀. Àwọn àgbà ìjọ gbé sátínì funfun yáàdì méjìlá fún mi pé kí n wá télọ̀ tó mọ́, tó sì mọ iṣẹ́. Mo gbé e lọ bá Olúfúnṣọ́.

Ó wo aṣọ náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ìyá Juwọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò mọ́."

"Mo mọ̀. Ta ló máa sọ fún wọn? Kò sí ẹni tó lè rán an bíi tìẹ. Aṣọ ni wọ́n fẹ́, wọn ò ní kí o gbé ara ẹ wá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rán an. Ọ̀sẹ̀ kejì yẹn ni ẹ̀jẹ̀ náà dá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló kọ́kọ́ jí tí kò rí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan fèrèsé mi. "Ìyá Juwọ́n, òní pé méjì." Ní ọjọ́ Túsìdeè, mẹ́ta. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, márùn-ún, ó ń kọrin bó ṣe ń wa maṣíìnì. Tí Sátidé bá fi lè kọjá, ọjọ́ méje pé, yóò wẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọjọ́ ìyàsímímọ́ gan-an, yóò wọlé, yóò kúnlẹ̀ níwájú aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ṣágámù. Ó ti di ẹrù ilé ìwòsàn sínú báàgì. Èmi náà ń dúpẹ́ kiri àdúgbò.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó sá ṣáájú gbogbo èèyàn dé, aṣọ ìkélé náà wà lórí rẹ̀ nínú nọ́ílọ́ọ̀nù funfun. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti na ọwọ́ láti fà á lọ síbi omi àdúrà. Mo kàn bi í bí mo ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn ni, ẹ̀rín wà lẹ́nu mi: "Fúnṣọ́, ṣé o mọ́?"

Ó wo ilẹ̀.

"Lánàá, nírọ̀lẹ́," ó ní, "bí mo ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ náà, mo tún rí ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni, Ìyá Juwọ́n. Kò ju orí èékánná lọ. Mi ò sì rí i mọ́ láti ìgbà náà."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ká ní mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ó ti wọlé. Inú wá bí mi sí i, ẹ gbà mí, inú bí mi sí ẹni tó ń ṣàìsàn. "Kí ló dé tí o sọ fún mi? Ṣé dandan ni?"

"Ẹ bi mí ni," ó ní.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó ní, "Ẹ ṣàánú mi, Ìyá Juwọ́n. Ẹ jẹ́ kí n wọlé lẹ́ẹ̀kan péré." Mo ní rárá. Mo ní kí ó lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo na ọwọ́, mo ní, "Gbé aṣọ náà wá." Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọlé, mo fi òun sílẹ̀ níta.

A so aṣọ ìkélé náà kọ́ níwájú, ó balẹ̀ bí omi. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Bàbá Ọládayọ̀ mú gbohùngbohùn, ó ní, "Ọwọ́ tó rán aṣọ yìí, Ọlọ́run kò ní í gbàgbé rẹ̀!" Láti ẹnu ọ̀nà tí mo dúró sí, mo gbọ́ tí ẹnì kan ṣe "Àmín" lábẹ́ àtíbàbà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kò lọ sí Ṣágámù ní Mọ́ńdè. Ó ní òun fẹ́ ka ọjọ́ méje mìíràn. Ní Wẹ́sìdeè, Nùsírátù ló pariwo pè mí. Ẹ̀jẹ̀ ti gba gbogbo ẹní tó ti ń gé aṣọ. A rí ọkọ̀ kan, a gbé e sẹ́yìn, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Bí a ṣe kọjá Mowe, tí a kọjá ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó la ojú.

"Ìyá Juwọ́n, tí mo bá dé ọ̀hún, ṣé wọ́n á bi mí?"

Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mi ò rí ẹyọ kan sọ. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa bi í. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró de èsì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. A ò tíì dé Ṣágámù.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìkìrun wá gbé e. Ìjọ wa kì í gbé òkú wọ inú ilé àdúrà, nítorí náà ojú títì ni ọkọ̀ dúró sí, Wòlíì sì gbàdúrà sí i láti ẹnu géètì. Bí Olúfúnṣọ́ ò ṣe wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Gúùdù Fúráìdè. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Wọ́n ń ka ìtàn ikú Jésù, èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, wọ́n sì dé ibi tó ti jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́, tí aṣọ ìkélé tẹ́ḿpìlì ya sí méjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo rí sátínì Olúfúnṣọ́ níwájú, ó funfun láú, kò sí ibi tó ya. Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya aṣọ ìkélé, kí ẹnikẹ́ni lè wọlé. Àwa wá gbé yáàdì méjìlá fún aláìsàn pé kó bá wa rán an padà, a sì tún fi í sẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Wòlíì. Èèyàn burúkú kọ́ ni, òun náà sunkún nígbà tí Olúfúnṣọ́ kú. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ta ló ṣí ọ̀nà fún wa?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni, Ìyá Juwọ́n."

"Ẹ̀jẹ̀ ta la wá fi dí i?"

Ó ní ìlànà là ń tẹ̀ lé, kò sí èyí tí òun dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí, kí n lọ sinmi. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi obìnrin mìíràn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń bi wọ́n. Kò sí nǹkan tó yí padà. Aṣọ ìkélé yẹn wà níbẹ̀ títí di òní.

Oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá tí mò ń lé èèyàn padà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì kù fún mi. Mo ń gbàdúrà, àdúrà náà kì í kọjá ọ̀fun mi, ojú Olúfúnṣọ́ tó ń wo ẹnu mi ni mo ń rí.

Mi ò wọ inú ilé àdúrà mọ́. Abẹ́ àtíbàbà ni mò ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì, níbi tó máa ń jókòó sí. Gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ orí mi, wọ́n mọ̀ pé nǹkan oṣù ti dá lára mi tipẹ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó bá bá mi níbẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á ní, "Màámi, kí lẹ ń ṣe níbí? Ṣé ẹ ò mọ́ ni?"

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé rárá o, mi ò mọ́.