Ahọ́n Lórí Irin Rélùwéè

Bàbá ìyàwó mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó fẹ̀yìn tì l'Óṣogbo, ní ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tó ń fi ṣíìpù, ẹ̀rọ tín-ń-tín inú rẹ̀, fọn fèrè. Bí fèrè náà bá ti dákẹ́, ahọ́n wọn tí obì ti sọ di pupa ni wọ́n á fi lá irin tó ń gbà kọjá. Itọ́ á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Ó máa ń rí mi lára.

Wọ́n á ní, "Iná mànàmáná wà níbẹ̀. Ìwọ náà tọ́ ọ wò."

"Ẹ̀gbin gbáà! Bàbá, nọ́ńbà tó ń darí ohùn fèrè ni ẹ yí sí òdo."

Mo tún nọ́ńbà náà tẹ̀ lórí rìmóòtù, fèrè dún. Wọ́n ní itọ́ àwọn ló ṣiṣẹ́.

Wọ́n ti kú báyìí. Lánàá, ọkọ̀ náà tún dákẹ́. Kí n tó mú rìmóòtù, mo ti lá irin. Mo tu itọ́ dànù, àmọ́ obì ni mo tọ́ wò lára irin yẹn.