Ẹ̀wù Bihi Lórí Ìkànnì Kìíní

Tlaytmas kì í sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Idder ọkọ rẹ̀ kú ní ìlú Tiznit ní Mòrókò, bí ó ti ń jáde opó ni Bihi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kó ẹrù rẹ̀ síta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ kan. Ojú gbogbo àdúgbò ló ti wí pé, "Obìnrin tí kò bímọ, ta ló ń bá ṣọ́ ilé?" Ibùdókọ̀ ni Tlaytmas ti ṣínu, omi inú ìgò àjòjì ló sì fi ṣe é.

Ó forí lé Kasablanka, ó sì ríṣẹ́ aránṣọ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n fẹ́ ya eré apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo ilé máa ń wò nídìí ọbẹ̀ hárírà lásìkò ìṣínu. Oníṣòwò kan tó láhun ni olórí eré. Olùdarí ní kí Tlaytmas wá aṣọ tó bá ahun mu. Kò wá a jìnnà. Ó rán ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí Bihi máa ń wọ̀, ó fi bọ́tìnnì pupa sí i, ó sì fi ojú ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, nítorí láti ọjọ́ tí bọ́tìnnì Bihi ti já ni kò ti ra òmíràn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣúgà kọ́ òṣèré lọ́rùn. Ó sọ fún òǹkọ̀wé eré náà ohun tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe nílé. Nígbà tí òṣèré béèrè bí ahun ṣe ń rìn, Tlaytmas dìde, ó rìn ín fún un: èjìká kan sílẹ̀, ojú ń ka dàbínù inú àwo kí àlejò tó mú un. Olùdarí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tlaytmas kò rẹ́rìn-ín.

Ààwẹ̀ dé, ìkànnì kìíní gbé eré jáde. Kí àwo hárírà àkọ́kọ́ tó gbẹ, Tiznit ti mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé Bihi lọ́jà, wọ́n ń bi í pé dàbínù kù mélòó. Ìtùnú kan ṣoṣo ló ní: ìyá rẹ̀ kò gbọ́ èdè Lárúbáwá tí wọ́n fi ṣe eré náà. Àfi bí ìkànnì àwọn Amazigh, ẹ̀yà Bihi àti ìyá rẹ̀, ṣe fi èdè tiwọn sí àwọn òṣèré náà lẹ́nu, tí ó sì tún eré náà gbé jáde. Ìyá wò ó, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Bihi, ìwọ kọ́ nìyí?"

Bihi mọ ẹni tó rán ẹ̀wù náà; ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kasablanka lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, ó pe Tlaytmas ní ìyàwó wa. Ó fi òkú Idder bẹ̀ ẹ́. Ó ní yàrá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kó padà sílé, kí wọ́n ṣáà bọ́ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn ọkùnrin náà. Tlaytmas jẹ́ kó rojọ́ tán, kí ètè rẹ̀ gbẹ dáadáa.

"Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Kí ààwẹ̀ tó wọlé la ti ya gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó lè bọ́ ọ mọ́."

"Ó wá kù mélòó?"

"Ẹ máa wò ó. Ibi tí ẹ ti ń lé opó jáde ń bọ̀ lọ́la."

Tlaytmas wọlé, ó pa géètì dé. Oòrùn ṣì wà lágbedeméjì ọ̀run, ìṣínu ṣì jìnnà.